Búrẹ́dì àti Gángan: Bí A Ṣe Lè Lo Ọjọ́ Òjò Nínú Ilé

Bí òjò bá ti ṣú láti ìdájí, tí ó sì hàn pé kò ní í dá bọ̀rọ̀, iṣẹ́ méjì ni mo máa ń dì mú nínú ilé: mo máa ń yan búrẹ́dì, mo sì máa ń fi gángan dánra wò. N kò so méjèèjì pọ̀ lásán. Búrẹ́dì kì í gba ọwọ́ ẹni tó bí ó ṣe ń gba àkókò ẹni. Nínú nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin tí yóò fi wà lọ́dọ̀ wa, agbára káká ni ọwọ́ wa yóò fi kan ìyẹ̀fun ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Gbogbo ìyókù, ìdúró ni. Gángan ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí a gbé e sí abíyá fún wákàtí mẹ́rin gbáko, nítorí pé apá yóò kú, etí yóò sì di. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí a lù ú fún ogún ìṣẹ́jú, kí a gbé e kọ́, kí a tún padà sí i. Àsìkò tí ìyẹ̀fun fi ń wú nínú abọ́ ni àsìkò tí ìlù ń wá.

Ohun kejì tí ó so wọ́n pọ̀ ni òjò fúnra rẹ̀. Láti oṣù Òkúdù títí dé oṣù Ọ̀wàrà, afẹ́fẹ́ inú ilé wa máa ń kún fún ọ̀rinrin. Ìyẹ̀fun tó wà nínú àpò ń fa ọ̀rinrin yìí mu, awọ ìlù tó gbé kọ́ sára ògiri náà ń fà á mu. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí búrẹ́dì òun wú dáadáa, kí gángan òun sì sọ̀rọ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń bá ọ̀rinrin lò níhà méjèèjì.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìlù wò kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyẹ̀fun. Ẹ gbé e kúrò níbi tí ó gbé kọ́, ẹ fi ìka lu awọ rẹ̀ láàárín, kí ẹ sì tẹ́tí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ohùn rẹ̀ máa ń le, á sì dún ketekete. Ní ọjọ́ òjò, ohùn náà á wálẹ̀, á sì rí bí ìgbà tí ènìyàn ń lu páálí. Kò sí ohun tó ṣe ìlù náà. Igi tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kí ìbàdí rẹ̀ tínrín, ni ara gángan, igi apá sì wọ́pọ̀ fún un. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀ méjèèjì, awọ náà ni wọ́n sì gé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ṣe ọṣán, ìyẹn àwọn okùn tó so ojú kan mọ́ ìkejì. Bí ọ̀rinrin bá wọlé, awọ ojú ìlù á dẹ̀, ọṣán náà á sì dẹ̀, nítorí náà ọ̀nà méjì ni ìlù kan ṣoṣo gbà dẹ̀.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe níbí ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọṣán dì kí ó le dain-dain, títí ohùn yóò fi gòkè padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Bí oòrùn bá yọ lọ́jọ́ kejì, awọ tí a ti fà le nígbà tí ó tutù yóò gbẹ, yóò sì tún máa fà sí i, ibi tí ó bá sì ti fẹ́lẹ́ jù ni yóò ti ya. Ooru díẹ̀díẹ̀ ni a fi ń dá ohùn ìlù padà, àwọn àyàn sì mọ èyí tipẹ́tipẹ́: wọn á sá ìlù sí oòrùn, tàbí kí wọ́n gbé e súnmọ́ iná, kí wọ́n tó gbé e jáde lọ sí òde. Ní ọjọ́ tí kò bá sí oòrùn, iná tí a fẹ́ fi yan búrẹ́dì ni yóò ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí a bá tan ófùn. Ní báyìí, ẹ gbé ìlù padà kọ́ sí ògiri tó wà láàárín ilé, kì í ṣe èyí tí òjò ń nà láti ìta, ẹ má sì gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Ó wá kan ìyẹ̀fun. Búrẹ́dì tí mo fẹ́ràn láti yan ni irú èyí tí a mọ̀ sí búrẹ́dì Agége, tí ó ki, tí ó dùn díẹ̀, tí ó sì máa ń nà bí òwú bí a bá fà á ya. Ará Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tí ó wá sí Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ló bẹ̀rẹ̀ òwò búrẹ́dì ní Èkó ní 1921, tí òwò náà sì gbilẹ̀ débi pé wọ́n ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Ohun tó ń mú kí búrẹ́dì Agége ki bẹ́ẹ̀ ni pé omi rẹ̀ kì í pọ̀, àti pé àwọn tó ń ṣe é máa ń ti ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò gba àárín irin róbótó méjì tó ń yí, léraléra, títí ara rẹ̀ yóò fi dán. A kò ní ẹ̀rọ yẹn nínú ilé, ṣùgbọ́n a ní apá, a sì ní ìgò.

Fún páànù búrẹ́dì kan tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 23, ẹ wá ìyẹ̀fun gíráàmù 500, irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn onibúrẹ́dì, nítorí pé ó máa ń fà ju ti àkàrà òyìnbó lọ. Ẹ tún wá ṣúgà gíráàmù 60, iyọ̀ gíráàmù 8, bọ́tà gíráàmù 40, ìwúkàrà gbígbẹ tí a ń pè ní yíìsì lọ́jà, gíráàmù 7, àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, mílílítà 270. Omi náà kò gbọ́dọ̀ gbóná ju èyí tí a lè fi wẹ ọmọ ọwọ́ lọ, ìyẹn nǹkan bíi 37°C, torí omi tó bá ti gbóná dé 60°C yóò pa ìwúkàrà, búrẹ́dì náà kò sì ní í wú mọ́ láéláé.

Ẹ má ṣe da gbogbo omi náà lẹ́ẹ̀kan. Ní ìgbà ọyẹ́, mo máa ń lò ó tán, mo sì máa ń fi ṣíbí kan kún un. Ní ọjọ́ òjò, mílílítà 240 ni mo kọ́kọ́ ń dà, màá sì fi ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí pé ìyẹ̀fun tí ó ti wà nínú àpò fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú ọ̀rinrin ti mu omi díẹ̀ sára láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Bí ìyẹ̀fun bá ṣì ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ ọwọ́, ẹ máa fi omi tó kù wọ́n ọn ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Ó rọrùn láti fi omi kún un. Láti yọ omi kúrò ni kò ṣeé ṣe, bí a bá sì ń fi ìyẹ̀fun gbígbẹ kún un lẹ́yìn náà, adùn iyọ̀ àti ti ṣúgà yóò dín kù.

Ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀ láì tíì fi bọ́tà sí i, ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí omi lè ráyè wọ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi bọ́tà sí i, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó lórí tábìlì. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, ẹ ká a padà, ẹ yí i, ẹ tún tì í. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, yóò máa lẹ̀ mọ́ ìka, yóò sì rí ṣákiṣàki bí èèpo igi. Ẹ má bẹ̀rù. Bí ó bá tó bíi ìṣẹ́jú méjìlá, ẹ ó rí i pé ó ti kúrò lára ọwọ́ fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì máa dán. Ẹ gé díẹ̀ níbẹ̀ tó bí ẹyin àparò, ẹ fi ìka méjèèjì nà án pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì gbé e sókè níwájú fèrèsé. Bí ó bá nà títí tí ìmọ́lẹ̀ fi là á já láì ya, bí awọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà sójú ìlù, ó ti tó. Bí ó bá ya kíákíá, ẹ padà sídìí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ìgò. Ẹ fi ìgò tí ẹ ti fọ̀ mọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ ṣẹ́ ẹ sí mẹ́ta, ẹ yí i, ẹ tún tẹ́ ẹ. Ìgbà mẹ́wàá ni mo máa ń ṣe é, mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ má dín in kù, torí ibẹ̀ gan-an ni búrẹ́dì Agége ti ń yàtọ̀ sí búrẹ́dì fúyẹ́fúyẹ́. Ẹ wá gbé e sínú abọ́ tí ẹ ti fi òróró pa nínú, kí ẹ sì bò ó. Bí ooru bá mú, wákàtí kan ti tó láti wú di ìlọ́po méjì. Ní ọjọ́ òjò tí ilé tutù, ó lè di wákàtí kan àbọ̀. Ojú ni kí ẹ fi wò ó, kì í ṣe aago: ẹ ti ìka bọ̀ ọ́, bí ojú ibẹ̀ bá ń padà díẹ̀díẹ̀ láì padà tán, ó ti wú tó.

Kí ẹ tó gbé gángan, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Bọ́tà tí ó bá kan ojú awọ máa ń wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ kò sì ní í dún bí ìyókù mọ́. Ẹ sì jẹ́ kí apá sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí pé iṣan tí a fi po ìyẹ̀fun náà ni a ó fi fún ọṣán. Nínú ìsinmi yìí, ẹnu ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́. Ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní, ìsàlẹ̀, àárín àti òkè, tí àwọn olùkọ́ ń pè ní dò, re, mí. Ẹ mú ọ̀rọ̀ márùn-ún wọ̀nyí, kí ẹ máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa fi dò, re, mí tẹ̀lé wọn: igba tí a ń kà ní owó, re re, igbá tí a fi ń mu ẹ̀kọ, re mí, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, re dò, ìgbà tó ń lọ, dò dò, ìgbá tí a ń jẹ, dò mí. Ẹni tí kò bá lè fi ẹnu pè é kó já gaara kò lè fi ìlù pè é.

Bí apá bá ti sinmi, ẹ gbé gángan sí abíyá, kí ọṣán wà láàárín apá àti ìhà, kí ìka sì dì wọ́n mú. Bí a kò bá fún ọṣán rárá, dò ni yóò dún. Bí a bá fún un le, mí ni. Èyí tó nira ni re. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń mọ òkè, ó máa ń mọ ìsàlẹ̀, àárín ni kì í mọ̀, nítorí pé kò sí ibi tí ọwọ́ ti lè fara kan nǹkan kí ó mọ̀ pé òun ti dé. Etí nìkan ló lè sọ fún un. Ní ọjọ́ òjò tí awọ dẹ̀, re àti dò á tún súnmọ́ ara wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn láti fi àkókò àkọ́kọ́ yìí kọ́ re nìkan: igba, igba, igba, títí ogún ìgbà, lẹ́yìn náà igbá àti igbà, kí re máa jẹ́ ilé tí a ti ń jáde. Ẹ tún fi ìgbá ṣe ìdánrawò ohùn tó ń gòkè. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, ohùn òkè tó bá tẹ̀lé ti ìsàlẹ̀ kì í fò lọ sókè lójijì, ńṣe ló máa ń gùn ún lọ. Nítorí náà, ẹ lu ohùn kejì náà, kí ẹ sì máa fún ọṣán bí ó ti ń dún lọ́wọ́.

Ariwo òjò lórí páànù ilé ní ànfààní tirẹ̀, torí pé aládùúgbò kò ní í gbọ́ àṣìṣe wa, ṣùgbọ́n ó ń bo ìyàtọ̀ kékeré mọ́lẹ̀ fún àwa náà. Bí òjò bá ń rọ̀ kíkankíkan, ọwọ́ tó mú kọ̀ǹgọ́, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń lu ìlù, ni kí ẹ kọ́: kí ó máa sọ̀kalẹ̀ sí ojú kan náà lórí awọ, pẹ̀lú agbára kan náà, láì yára. Bí òjò bá dẹwọ́, ẹ padà sí ohùn.

Bí ìyẹ̀fun bá ti wú tó, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ ká a bí ẹní, ẹ dì í létí, kí ẹ sì gbé e sínú páànù tí ẹ ti fi bọ́tà pa. Yóò tún wú fún nǹkan bíi wákàtí kan, títí yóò fi fẹ́ yọ lẹ́nu páànù. Nígbà tí ó bá ku ogún ìṣẹ́jú, ẹ tan ófùn sí 180°C, kí ẹ sì lọ gbé ìlù wá.

Ẹ jókòó, ẹ gbé gángan lé orí itan, kí ó jìnnà sí ófùn tó gígùn apá kan. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ yín sí ibi tí awọ wà: bí ooru náà bá tu ọwọ́ lára, ó tu awọ náà lára, bí ọwọ́ bá fẹ́ sá, ẹ gbé ìlù sẹ́yìn. Ẹ kọ ojú kan sí iná fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ yí i, ẹ kọ ojú kejì sí i, kí ẹ sì yí ọṣán náà ká. Láàárín ìyẹn, ẹ máa fi ìka lù ú, ẹ ó sì gbọ́ bí ohùn náà ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó bá kúrò ní ti páálí tí ó sì ń dún ketekete, ẹ dáwọ́ dúró. Mo ti fi gángan mi kan sórí àga nítòsí iná èédú rí, kí n lọ ká aṣọ tí òjò bá lórí okùn. N kò pẹ́ rárá, ṣùgbọ́n mo gbọ́ “pàá” láti ìta. Awọ náà ti là láti etí kan dé àárín. Bàbá àyàn tó bá mi bò ó padà fi yé mi pé tútù ni wọ́n ń bo awọ, oòrùn ló sì ń gbẹ ẹ, nítorí náà ó di ìgbà tí òjò bá fún wa láyè. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi wà láì ní ìlù. Láti ìgbà yẹn, bí ìlù mi bá wà nítòsí iná, ọwọ́ mi gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀.

Bí ẹ bá ti gbé búrẹ́dì sínú ófùn, ẹ fi aago fóònù sí ìṣẹ́jú 35, kí ẹ gbé ìlù kúrò nínú ilé ìdáná, pàápàá bí ìkòkò kan bá ń hó níbẹ̀, nítorí pé ọ̀rinrin omi gbígbóná yóò ba gbogbo iṣẹ́ tí ooru ṣe jẹ́. Àkókò yìí ni ohùn ìlù dára jù lọ, ẹ sì jẹ́ kí ó sọ gbólóhùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó fún ìlù: dò dò lè jẹ́ òjò, ó lè jẹ́ ìlù, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀, ó sì lè jẹ́ ìgbà. Ìdí nìyí tí àwọn àyàn fi máa ń sọ ọ̀rọ̀ gùn, kí èyí tó ṣáájú lè tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí tó tẹ̀lé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó bá ọjọ́ mu: “Òjò ń rọ̀, mo wà nílé,” dò dò mí dò, re dò mí mí. Ẹ fi “Búrẹ́dì ti jinná” tẹ̀lé e, mí mí dò, re, re mí. Bí ẹnìkan bá wà nínú ilé, ẹ má sọ fún un ohun tí ẹ fẹ́ lù. Ẹ kàn lù ú, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí ó gbọ́. Màmá mi máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí, wọn kì í gbé ojú sókè, wọn á kàn ní, “Ta ló ń pariwo mo wá nílé? Mo wà ni o.” Wọ́n á sì máa bá ẹ̀gúsí wọn lọ. Etí irú wọn ni olùkọ́ tó dára jù lọ tí mo ní.

Ẹni tí kò bá ní ófùn kò pàdánù. Ẹ bu iyanrìn gbígbẹ tó mọ́ sínú ìkòkò irin ńlá, kí ó ga tó ìka méjì, ẹ bò ó, ẹ gbé e kaná fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé páànù búrẹ́dì lé orí irin kékeré kan nínú rẹ̀, kí ẹ sì dé e pinpin. Yóò gbà tó ìṣẹ́jú 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé ooru ìsàlẹ̀ pọ̀ ju ti òkè lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iná èédú ni ẹ fẹ́ lò, ẹ má gbé e wọ inú yàrá nítorí òjò. Èédú tó ń jó máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tí a kò sì lè fi ojú rí, ó sì ń pa ènìyàn sójú oorun nínú ilé tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa. Abẹ́ òrùlé ìta tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa ni àyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀, bí iná mànàmáná bá lọ.

Nígbà tí aago bá dún, ẹ yọ búrẹ́dì kúrò nínú páànù, ẹ dojú rẹ̀ dé lórí aṣọ, kí ẹ sì fi ìka kan ìdí rẹ̀ bí ẹ ṣe kan awọ ìlù láàárọ̀. Èyí tó jinná máa ń dún bí ohun tó ṣófo nínú. Èyí tí kò tíì jinná máa ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń lu páálí, ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ gbé e lé orí irin kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí ìdí rẹ̀, ó kéré tán fún wákàtí kan, bí ó ti wù kí òórùn rẹ̀ máa pè yín tó, torí pé inú búrẹ́dì gbígbóná ṣì ń jinná lọ́wọ́, bí a bá sì fi ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, yóò lẹ̀ pọ̀.

Ẹ má fi búrẹ́dì sínú náílọ́ọ̀nù kí ó tó tutù tán, nítorí pé òógùn rẹ̀ yóò dúró sínú, ní ìgbà òjò sì rèé, láàárín ọjọ́ méjì ni yóò ti bu. Gángan ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ náílọ́ọ̀nù rárá. Ẹ tú ọwọ́ kúrò lára ọṣán kí ó dẹ̀ bí ó bá ṣe wù ú, ẹ fi aṣọ òwú gbígbẹ wé e, kí ẹ sì gbé e kọ́ padà sí ògiri àárín ilé.